Ẹ ṣí ìwé owó, ẹ bo ojú ẹni tí ẹ ṣàánú

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Abẹ́òkúta pé: "Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde obìnrin ni wá, ogójì ni wá, oníkálukú sì ń dá ₦5,000 lóṣooṣù fún ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìsàn tí òbí wọn kò lówó ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ fún wa pé láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ọmọ mẹ́ta ni a sanwó fún, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦600,000. Nígbà tí mo béèrè ìwé owó, akápò wa bú sẹ́kún, àwọn yòókù sì ní mo fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ka Bíbélì sí mi létí pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ọmọ mi tó wà ní ìlú Ọba tún dá tirẹ̀ kún un: ó ti wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní effective altruism, ó ń yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní owó wa ì bá gba ẹ̀mí tó pọ̀ ju èyí lọ là bí a bá fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Àmọ́ mo gbọ́ pé olówó ńlá kan nínú ẹgbẹ́ wọn wà lẹ́wọ̀n báyìí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ àánú, Ìyá wa, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń yẹ ìwé owó wò ní Abẹ́òkúta. Ìwé owó ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ti irú ẹgbẹ́ yín gan-an ti gba ọwọ́ mi kọjá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí: ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú akápò yín wà lára ọrẹ tí ẹ ṣe. Ọmọ aláìsàn tí ẹ dáwó nítorí rẹ̀ kò sí ní ìpàdé yín, kò sì lè béèrè fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò bá béèrè, kò sí ẹni tí yóò bá a béèrè.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà sí yín létí wà nínú Mátíù orí kẹfà. Bí a bá ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀, a óò rí i pé ẹni tó ń fun fèrè níwájú ara rẹ̀ bó ti ń tọrẹ ni Jésù ń bá wí, ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀ kí ayé lè yìn ín. Ọ̀rọ̀ akápò yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ kó ọrẹ tí àwọn ìjọ dá jọ lọ fún àwọn aláìní, kò dá a gbé: ó kọ ọ́ sínú Kọ́ríńtì Kejì orí kẹjọ pé àwọn ìjọ yan arákùnrin kan láti bá àwọn rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ sí wọn lórí ọ̀pọ̀ owó náà, àti pé àwọn ń gbèrò ohun tó dára níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú yín náà mọ̀ pé ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ló dá lé. Nínú ẹ̀sìn méjèèjì, n kò rí ibi tí wọ́n ti ka kíkọ owó sílẹ̀ sí àìfọkàntán ara ẹni.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé a ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì, tó jẹ́ pé ohun tó yẹ ká bò ni à ń ṣí, ohun tó yẹ ká ṣí sì ni à ń bò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbé ìwé owó wọn wá fún mi. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí lórí fóònù: ìyá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, omi ṣì ń kán wọ ọmọ náà lára, obìnrin márùn-ún tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ yí wọn ká, wọ́n sì gbé páálí ńlá kan tí wọ́n kọ iye owó sí dání. Ilẹ̀ ni ìyá ọmọ náà ń wò. Fọ́tò yìí, pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti orúkọ àìsàn tó ń ṣe é, ti káàkiri àdúgbò lórí WhatsApp kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìwé owó ni wọ́n wá fi pamọ́ sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni pé ìtìjú ni.

Ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò ni, oṣù méjìlá ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀. Báírò aláwọ̀ búlúù kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti fa ìlà lé àṣìkọ, kò sí àbàwọ́n epo, kò sí etí ìwé kan tó ká. Ìwé tí ènìyàn ń gbé lọ sí ìpàdé lóṣooṣù kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé akápò tòótọ́, ẹ óò rí báírò dúdú, ẹ óò rí ti búlúù, ẹ óò rí pẹ́ńsù níbi tí báírò ti gbẹ. Ọbẹ̀ ìpàdé a ti ta sí i, ibi tí wọ́n ti kọ 4,500 kí wọ́n tó rántí pé 5,400 ni yóò sì wà níbẹ̀ kedere. Alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kọ èyí tí mo ń wò. N kò sọ pé wọ́n jalè, nítorí nígbà tí a wá a dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó náà dé ilé ìwòsàn lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń bẹ ilé ìwòsàn kí a tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, akápò wọn, tó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; ìwé owó ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Omijé akápò tiyín lè jẹ́ ti ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti ń dá ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí ìwé, ẹ óò mọ èyí tó jẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Èrò àwọn tó lọ bá yìí kò ṣòro láti sọ: níwọ̀n bí owó àánú kò ti lè kárí gbogbo ìyà tó wà láyé, ó yẹ ká wádìí ibi tí yóò ti wúlò jù, ká sì gbé e lọ síbẹ̀, ìbáà jìnnà sí wa. Àwọn baba wa náà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ní 2007, Holden Karnofsky àti Elie Hassenfeld, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, dá GiveWell sílẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ àwọn àjọ aláàánú wò, kí wọ́n sì máa gbé àbájáde rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn. Ní 2009, Toby Ord àti William MacAskill dá Giving What We Can sílẹ̀ ní Oxford, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò máa fi ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún àwọn ṣàánú, ó kéré tán. Ó jọ pé ẹ̀jẹ́ yìí ni ọmọ yín jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọ̀n ẹ̀fọn kò kúrò lórí òtítọ́. Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí wò nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ikú àwọn ọmọdé kù ní ti gidi. Ìṣirò GiveWell ni pé nǹkan bí dọ́là 3,000 sí 5,500 ni àwọn àjọ tí àwọn fọwọ́ sí jù lọ ń ná kí wọ́n tó gba ẹ̀mí kan là. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé owó yìí ń lọ sí ìlú òkèèrè ni, kó rántí pé Nàìjíríà ni nǹkan bí ìdá 30 nínú ìdá 100 àwọn tí ibà ń pa láyé ti ń kú. New Incentives, tó wà lára àwọn àjọ tí GiveWell ń gbé owó lé lọ́wọ́, òkè ọya níbí ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń fún àwọn ìyá ní owó díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín kọ́ lọ́dọ̀ wọn ju ọ̀rọ̀ àwọ̀n lọ. Bí wọ́n ṣe ń jíhìn ni. GiveWell ní ojú ewé kan tí wọ́n ń kọ àṣìṣe ara wọn sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: Karnofsky, tó jẹ́ olùdásílẹ̀, fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yin àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ará ìta ni. Nígbà tí àṣírí tú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ìgbìmọ̀ wọn yọ ọ́ kúrò ní ipò tó wà, wọ́n sì bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé e. Ẹ ro ẹgbẹ́ wo ní Abẹ́òkúta ló ti bu owó ìtanràn lé ẹni tó dá a sílẹ̀ rí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ibi tí àlejò yóò ti rí i.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Evidence Action, àjọ aláàánú mìíràn. Wọ́n ní ètò kan ní Bangladesh tí wọ́n fi ń yá àwọn tálákà lówó ọkọ̀ nígbà ọ̀wọ́n oúnjẹ, kí wọ́n lè lọ wá iṣẹ́ ṣe nílùú ńlá. Ìwádìí kékeré ti sọ pé ó dára, GiveWell sì ti fi í sí ipò tó ga jù. Nígbà tí wọ́n mú un gbòòrò, tí wọ́n sì tún un wọ̀n, èrè tí wọ́n ń retí kò hàn. Dípò kí wọ́n máa gbé fọ́tò kiri, wọ́n dáwọ́ owó gbígbà fún un dúró ní 2018, wọ́n sì pa ètò náà tì ní 2019. Àjọ tó sọ fún olówó pé "ẹ má fún wa mọ́ fún iṣẹ́ yìí" ti jíhìn dé góńgó.

Ti GiveDirectly korò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ tààrà sórí fóònù àwọn tálákà. Ní Kóńgò ní 2022, ní agbègbè South Kivu, wọ́n yí ìlànà wọn padà nítorí ogun, tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn ló ń forúkọ síìmù sílẹ̀ fún àwọn tó yẹ kó gbowó. Ibi tí olè gbà wọlé nìyẹn: nǹkan bí dọ́là 900,000 tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tó lé ní 1,700 ló bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ. GiveDirectly kọ gbogbo rẹ̀ síta ní ọdún tó tẹ̀ lé e: iye tó lọ, ọ̀nà tó gbà lọ, àti ìlànà tí wọ́n fi àṣìṣe yí padà. Gbogbo ayẹ̀wé-owó-wò ló mọ ìtàn yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Níbi tí ẹni tó ń sanwó bá ti jẹ́ òun náà ló ń gbà á fún ẹni tí a fẹ́ fún, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n tí ẹ gbọ́ jẹ́ òtítọ́, kò sì yẹ kí ọmọ yín fojú kékeré wò ó. Sam Bankman-Fried sọ pé òun ń wá owó kí òun lè fi ṣàánú ni. Ó dá FTX sílẹ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ra owó ayélujára (crypto), tí wọ́n sì ń tà á. Ní oṣù kejì 2022 ó gbé àpò àánú kan tó ń jẹ́ Future Fund kalẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, owó tó lé ní mílíọ̀nù 160 dọ́là ni wọ́n ti fọwọ́ sí láti inú rẹ̀. MacAskill tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, FTX wó, ó sì hàn pé wọ́n ti kó owó àwọn oníbàárà lọ sí Alameda, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀. John Ray, tí wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tó wó, tó sì ti bójú tó Enron rí, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wó nítorí jìbìtì inú ìwé owó, sọ fún ilé ẹjọ́ pé nínú gbogbo iṣẹ́ òun, òun kò rí ibi tí ètò ìṣàkóso ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ẹjọ́ dá Bankman-Fried lẹ́bi ẹ̀sùn méje ní 2023, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní oṣù kẹta 2024. Effective Ventures, tó jẹ́ ilé tí ọ̀pọ̀ àjọ wọn kóra jọ sí, dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là padà. Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì kéde ní oṣù kìn-ín-ní 2023 pé àwọn ti ṣí ìwádìí lé wọn lórí.

Ìdájọ́ tèmi lórí rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn tó lè sọ fún yín iye tí wọ́n ná lórí àwọ̀n kan, àwọn kan náà ni kò béèrè ibi tí ẹni tó ń fún wọn lówó ti rí i. Ẹni tó ń gbà ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ẹni tó ń fúnni. Ìwé ìròyìn Time sì kọ ọ́ ní 2023 pé àwọn kan nínú aṣáájú wọn ti gbọ́ ìkìlọ̀ nípa ìwà ọkùnrin náà láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Ìjíhìn kì í parí síbi kí a kọ nǹkan síta. Ó gbọ́dọ̀ ku ẹnì kan tó lè sọ pé "rárá, a kò ní gbà á", tí wọn kò sì ní lé e jáde nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní atúgbẹ́ká, ipò yẹn ni ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yín.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó nìyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nílùú yìí gan-an, àwọn ìyá wa, oníṣòwò ọjà, aláró, alátẹ, ni wọ́n kóra jọ sábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tí wọ́n ní àwọn kò ní san owó orí fún ìjọba tí àwọn kò ní ohùn nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ lọ sí ààfin Aké, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀wé, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní 1949. Ẹ̀gbá obìnrin tó béèrè ibi tí owó wọlé sí, ohun ìdílé ló ń ṣe.

Nípa ṣíṣe rẹ̀, ohun tí mo máa ń ní kí ẹgbẹ́ tó tó tiyín ṣe kò pọ̀, nítorí ₦200,000 lóṣù kò tó ohun tí a ń gba ọ́fíìsì fún. Kí owó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni dé ilé ìwòsàn: àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ san án sí, kí rìsíìtì sì padà wá sọ́dọ̀ akọ̀wé, kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ akápò. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí ìwé kí báńkì tó sanwó, kí alẹ́ẹ̀tì sì máa wọ fóònù ẹnì kẹta tí kò lè fọwọ́ sí nǹkan kan. Kí akápò dìde ní gbogbo ìpàdé, kó ka èyí tó wọlé, èyí tó jáde àti èyí tó kù sókè ketekete, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Lọ́dọọdún, kí ará ìta kan yẹ ìwé náà wò. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, òfin ní kí ẹ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ẹ̀rí CAC dí yín lójú, orúkọ ló ń jẹ́rìí sí, kì í jẹ́rìí sí owó.

Ti àwọn ọmọ náà ni kí ẹ bò. Nínú ìwé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń rí, ẹ kọ "ọmọ kìn-ín-ní, ọmọ ọdún mẹ́rin, ₦180,000, nọ́ńbà rìsíìtì báyìí báyìí", kí orúkọ àti àìsàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé àti alága nìkan. Kò sí fọ́tò, kò sí páálí. Kí ẹnì kan nínú yín tó mọ ọ̀rọ̀ sọ pe àwọn ìyá náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti béèrè bóyá owó náà tó, bóyá ẹnikẹ́ni gba nǹkan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó rí i gbà, àti bí ara ọmọ ti rí. Ìdáhùn wọn ni kí ẹ kọ sí ìparí ìwé. Against Malaria Foundation, tó ń ra àwọ̀n, máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn padà lọ láti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn oṣù púpọ̀, láti wò ó bóyá àwọ̀n náà ṣì so. Ó nídìí: èmi fúnra mi ti rí àwọ̀n ẹ̀fọn létí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá tí wọ́n fi bo ebè ewédú.

Bóyá kí ẹ wá kó owó náà lọ fún àwọ̀n, ẹ má ṣe é báyìí. Ogójì ènìyàn ló dá a fún ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì. Akápò kan tàbí alága kan kò láṣẹ láti yí i padà, ìbáà jẹ́ sí ohun tó dára jù ú lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá wọ̀ yín lọ́kàn, bó ṣe wọ èmi náà lọ́kàn, ẹ gbé e wá sí ìpàdé, ẹ ṣàlàyé iye tí àwọ̀n lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí bẹ́ẹ̀dì ń ná, kí ẹgbẹ́ dìbò lórí owó tí wọ́n máa dá láti oṣù tó ń bọ̀. Ìdá mẹ́wàá tirẹ̀, tirẹ̀ ni; kó fi ra àwọ̀n, ó ti ṣe dáadáa. Kó kàn máa béèrè, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á, orúkọ olówó tó tóbi jù nínú wọn àti ibi tí owó ẹni náà ti ń wá.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí akápò yín nílé, ẹ̀yin méjì péré, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan bá a gbé ìwé náà. Bó bá mú un wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn kí ẹ tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.